Ẹ Gbé Ọ̀kadà Padà Sókè Kí Ẹ Tó So Apẹ̀rẹ̀ Mọ́ Ọn Lẹ́gbẹ̀ẹ́

(Fóìsì mẹ́ta tí bàbá onípáàtì ọ̀kadà ní Minna fi ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti fún àwọn tó wà lọ́jà tí ariwo kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

Fóìsì kìíní

   

Ìbéèrè tí Màmá Kontagora bi wá láàárọ̀ ni mo fẹ́ dáhùn. Mo rí i pé àwọn kan ti ń fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ogun Hitler ni Màmá fẹ́ lọ jà ni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn ọmọ ogun Jámánì lò ó nígbà ogun àgbáyé kejì, ṣùgbọ́n títí di òní, ní Philippines, òun ni wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù káàkiri ìlú. Ní Cuba náà, ó wà lójú títì dáadáa. Ohun tí àwọn èèyàn fi ń wá oúnjẹ ni, kì í ṣe eré.

Fún àwọn tí kò rí ìbéèrè náà: Màmá ní Boxer kan tí wọ́n ń gùn fúnra wọn lọ sí àwọn ọjà abúlé láti ra ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Màmá ò ga, orúnkún sì ń dùn wọ́n, nítorí náà ní ọdún méjì sẹ́yìn wọ́n ní kí mẹkáníìkì bá wọn rẹ ọ̀kadà náà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè máa kan ilẹ̀ tí wọ́n bá dúró. Ní báyìí wọ́n fẹ́ kí jórinjórin kan bá wọn ṣe apẹ̀rẹ̀ onírin tó ní táyà tirẹ̀, kó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà, kí wọ́n yé di àpò lé ẹ̀yìn bí ẹni ń di igi. Òyìnbó ń pè é ní sidecar. Àwa ò ní orúkọ kan tí gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan lé, èmi á kàn máa pè é ní apẹ̀rẹ̀. Owó èésú Màmá ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Jórinjórin ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa parí ẹ̀. Màmá wá ní ṣé kí àwọn san owó ìṣáájú lọ́la.

Màmá, ẹ má tíì san. Kì í ṣe pé nǹkan náà kò ṣeé ṣe o. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e padà sí bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ kí jórinjórin tó fi irin kan kàn án. Tó bá ti so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn tán kí ẹ tó gbé e sókè, gbogbo ìwọ̀n tó ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ó sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan ná. Kí lẹ torí ẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Kí ẹsẹ̀ lè kan ilẹ̀, kí ó má baà ṣubú lù yín níbi tí ẹ bá dúró sí. Abí? Ó dáa. Ọ̀kadà tó bá ti ní táyà kẹta, ó ń dá dúró. Tí ẹ bá dúró sí oríta, ẹ lè ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ibi ìtẹsẹ̀, kó sì dúró digbí bíi kẹ̀kẹ́ Maruwa. Ohun tí ẹ torí ẹ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, táyà kẹta ti bá yín yanjú ẹ̀. Kò tún sí ìdí tí ọ̀kadà yẹn á fi máa fà nílẹ̀.

Ti gígun òkè rẹ̀ ńkọ́, nítorí orúnkún? Ọwọ́ òsì ni ẹ ó ti máa gùn ún, nítorí apẹ̀rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́ ibi ìtẹsẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ dìde dúró lé e, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Ẹ ò lè dán ìyẹn wò lórí ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó máa da yín nù. Eléyìí ò ní mira.

Fóìsì kejì

Mo tún ti dé. Oníbàárà ló wọlé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rẹ ọ̀kadà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa pọ̀. Àwọn kan á yọ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, wọ́n á fi èyí tó kúrú sí i. Àwọn kan á gé sípíríǹgì. Iná gáàsì ni wọ́n fi ń gé e, iná náà á sì ba agbára irin jẹ́. Ibi tó bá ti gbóná yẹn ló ti máa ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn kan á tú bóòtù tó di fọ́ọ̀kì iwájú mú, wọ́n á ti páìpù rẹ̀ sókè kọjá ibi tó yẹ kó wà. Àwọn mìíràn kàn ń gbẹ́ fóòmù ìjókòó. Ti fóòmù yìí nìkan ni mi ò bá jà. Tí wọ́n bá ti gbẹ́ ti Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò di apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn yòókù ni ká sọ̀rọ̀ lé.

Ṣọ́ọ̀kì tó kúrú, àyè tó ní láti wọlé kéré. Lórí ọ̀kadà lásán, tí ẹ bá já sí kòtò, ẹ máa gbọ́ gbàgà nídìí, ẹ ó bú ẹni tó ṣe é, ẹ ó sì máa lọ. Tí apẹ̀rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbàgà yẹn kì í parí sí ìdí yín. Ojú ibi tí wọ́n ti so apẹ̀rẹ̀ mọ́ férémù ló ń gbà kọjá, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ bóòtù á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ ó di í. Á tún tú. Lẹ́yìn náà ni férémù á sán, níbi tí ojú ò tètè dé. Ẹ wá rò ó wò: àpò ẹ̀wà kan ní ọjà wa máa ń tó 100 kílò, apẹ̀rẹ̀ onírin fúnra rẹ̀ sì lè wúwo tó odindi èèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, gegele. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà abúlé wa lẹ́yìn òjò, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ lè yan ojú ọ̀nà tín-ín-rín tó wù yín. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò rí bẹ́ẹ̀; nígbà tí táyà ọ̀kadà bá wà nínú ipa mọ́tò, irin tó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn á máa kọjá lórí gegele àárín. Irin náà sì rèé, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lẹ́bàá ẹ́ńjìnì. Tí ọ̀kadà bá ti lọ sílẹ̀ ní ínṣì méjì, irin yẹn ló máa kọ́kọ́ kọlu òkúta.

Ti ìdarí ló ń pa apá jù. Ẹ wo fọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà yín láti ẹ̀gbẹ́: kò dúró ṣánṣán, ó na ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá rẹ ẹ̀yìn nìkan sílẹ̀, ńṣe ló máa na ẹsẹ̀ síwájú sí i, ọwọ́ rẹ̀ á sì le. Ọ̀kadà lásán, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀, nítorí ìdí la fi ń darí ọ̀kadà, à ń tẹ̀ sápá kan ni. Èyí tó ní apẹ̀rẹ̀ kì í tẹ̀. Apá la fi ń fà á yípo, gbogbo kọ́nà, láti Kontagora dé ibi tí ẹ ń lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ òkèèrè máa ń yí iwájú ọ̀kadà padà kí ó lè fúyẹ́ lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, òdìkejì ẹ̀ lẹ ti ṣe. Tó bá sì jẹ́ iwájú nìkan ni wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lọ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí òtútù ń mú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti padà sí bó ṣe yẹ? Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu mẹkáníìkì. Ẹ wá Boxer mìíràn, irú kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú. Ẹ fi tépù wọ̀n láti àárín táyà ẹ̀yìn dé bóòtù òkè ṣọ́ọ̀kì. Ẹ tún wo iye tí orí páìpù fọ́ọ̀kì fi yọ sókè níbi tí wọ́n ti dì í mú lábẹ́ ọwọ́ ọ̀kadà. Kí iye tó wà lára ti yín bá ti èkejì mu. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ máa rà, kí ó gùn bíi ti àkọ́kọ́, kí sípíríǹgì rẹ̀ sì le. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa èyí tí wọ́n ti gé gùn padà fún yín. Ẹ pààrọ̀ òróró inú fọ́ọ̀kì náà, ó ti tó ọdún méjì.

Ó yá, iṣẹ́ jórinjórin wá kù. Ọwọ́ ọ̀tún ni apẹ̀rẹ̀ máa wà, nítorí ọwọ́ ọ̀tún là ń rìn ní Nàìjíríà láti oṣù kẹrin 1972. Mò ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwòrán tí jórinjórin máa rí lórí fóònù lè jẹ́ ti India tàbí ti Ìlú Ọba, ọwọ́ òsì ni tiwọn ń wà. Lára Boxer, sàlẹ́ńsà àti ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Irin apẹ̀rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan èyíkéyìí nínú wọn, Màmá sì gbọ́dọ̀ lè tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀ láìsí pé bàtà ń há.

Ibi mẹ́rin ni kí ó so ó mọ́. Méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan níwájú ẹ́ńjìnì, ọ̀kan nítòsí ibi tí apá ẹ̀yìn ti ń mì. Méjì lókè, ọ̀kan lábẹ́ táǹkì, ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó nítòsí orí ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ní ibi mẹ́ta ti tó, ẹ wá ẹlòmíràn. Kí ó má sì jó irin mọ́ ara férémù ní tààrà. Páìpù férémù àwọn ọ̀kadà kéékèèké wa fẹ́lẹ́. Ibi tí iná bá ti kàn án ló ti máa ṣẹ́. Kí ó ṣe férémù kékeré mìíràn tí wọ́n á fi bóòtù dè mọ́ ojú ibi tí ẹ́ńjìnì ti so mọ́ra. Tó bá fẹ́ jó ohunkóhun nígbà tí ọ̀kadà wà nítòsí, kí ó kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì.

Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà tí ẹ máa ní kí ó fi hàn yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin fúnra yín máa jókòó lórí ọ̀kadà nígbà tó bá ń wọ̀n ọ́n, kí ìdajì ẹrù tí ẹ máa ń gbé sì wà nínú apẹ̀rẹ̀. Tí ẹrù bá wọnú apẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà á tẹ̀ sọ́tùn-ún. Tí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn yín, á tẹ̀ sósì. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lórí ọ̀kadà òfìfo kò wúlò.

Àkọ́kọ́, àárín táyà apẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣíwájú àárín táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà, bíi ínṣì 6 sí 10. Fún ọ̀kadà kékeré, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 6. Èkejì, táyà apẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kojú sínú díẹ̀. Ẹ gbé pákó gígùn tó tọ́ ti ẹ̀gbẹ́ táyà ọ̀kadà méjèèjì, ẹ gbé òmíràn ti táyà apẹ̀rẹ̀. Àlàfo àwọn pákó méjèèjì níwájú gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹ̀yìn ní ìdajì ínṣì sí ínṣì kan. Tó bá pọ̀ jù, táyà á jẹ tán kí oṣù tó parí. Tí kò bá sí rárá, ọ̀kadà á máa fà yín lọ sọ́tùn-ún.

Ẹ̀kẹta ni ti ìdúró ọ̀kadà fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, kúrò lọ́dọ̀ apẹ̀rẹ̀. Ẹ yá okùn tí àwọn bíríkìlà ń so irin mọ́ nídìí láti fi mọ ògiri tó tọ́. Ẹ fi wọ̀n ọ́n láti òkè; lórí okùn tó gùn tó mítà kan, kí ọ̀kadà fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 tẹ̀. Títì wa dagun sí etí kó lè da omi nù, ìdí nìyẹn tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kadà tó bá dúró ṣánṣán ní ṣọ́ọ̀bù jórinjórin, ńṣe ni yóò máa fà lọ sínú gọ́tà lójú títì.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ní ẹ gbé e sókè ná? Sípíríǹgì tó rọ̀, tó sì kúrú, lónìí á jókòó síbí, lọ́la á jókòó sọ́hùn-ún. Kí ni jórinjórin fẹ́ wọ̀n lára ohun tí kò dúró sójú kan?

Fóìsì kẹta

Ẹni tó ń pè ní Bida, mo gbọ́ ọ o, mò ń bọ̀ lórí ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù.

Bíréèkì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ń sùn, ẹ jí fún eléyìí. Tí ẹ bá fi iná sí i, ọ̀kadà á fẹ́ yà sọ́tùn-ún, torí apẹ̀rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Tí ẹ bá wá tẹ bíréèkì, apẹ̀rẹ̀ ò fẹ́ dúró, ẹrù inú rẹ̀ ṣì ń lọ síwájú, á wá ti gbogbo rẹ̀ yà sọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ òsì yẹn, níbo ni? Ọ̀dọ̀ mọ́tò tó ń bọ̀. Tírélà ló wà níbẹ̀, lójú ọ̀nà wa yìí. Nítorí náà, táyà kẹta gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó lè dì mú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn. Jórinjórin á ní kò pọn dandan, pé owó ẹ̀ á pọ̀. Lójú tèmi, tí owó èésú ò bá tó láti ṣe bíréèkì mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí èésú tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i ná. Mi ò lè gba Màmá ẹnikẹ́ni níyànjú kó gun èyí tí kò ní.

Kọ́nà náà ní tirẹ̀. Tí ẹ bá ń yà sọ́tùn-ún pẹ̀lú eré, tí apẹ̀rẹ̀ sì ṣófo, táyà rẹ̀ á gbéra nílẹ̀. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó tẹ bíréèkì, á sì túbọ̀ burú. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́jà láìní ẹrù, ẹ gbé àpò iyanrìn bíi 25 kílò sínú rẹ̀, ní apá òde. Tí ẹ bá ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, ẹ má kó o sí iwájú apẹ̀rẹ̀. Àárín àti ẹ̀yìn ni kó wà, torí tí ẹ bá yà sósì pẹ̀lú eré, imú apẹ̀rẹ̀ lè rì, kí táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà sì gbéra. Ẹ lọ pápá bọ́ọ̀lù kan láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ gùn ún níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó gbé e dé títì. Ọgbọ́n ọ̀kadà tí ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí máa ń tan èèyàn lórí eléyìí.

Ẹ tún máa yẹ sípóòkù wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ọ̀kadà tí kò lè tẹ̀ sí kọ́nà, sípóòkù ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Ẹ fi irin kékeré kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá yàtọ̀ ti tú. Ẹ ra táyà apẹ̀rẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ẹ̀yìn ọ̀kadà mu, kí ẹ lè máa gbé sípéà kan ṣoṣo. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi sípúrókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tó tóbi díẹ̀ sí i. Eré á dínkù, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kékeré yẹn ò ní máa mí gúlegúle lórí òkè.

Ti arákùnrin wa ní Bida tó ní kí Màmá ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dípò wàhálà yìí: kò burú, mo tilẹ̀ gbà pẹ̀lú ẹ dé ààyè kan. Ẹni tó bá ń gbé ju àpò kan lọ lójúmọ́, apẹ̀rẹ̀ ò wúlò fún un, kí ó wá ẹni méjì kún ara rẹ̀ láti ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Àpò kan ṣoṣo ni kí Boxer gbé, mi ò sì fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá sọ fún wa pé ìdajì àpò ni àwọn máa ń rí rà ní ọjà kọ̀ọ̀kan, àti pé ọ̀nà tí àwọn ń gbà tín-ín-rín. Owó kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ò sí lọ́wọ́, ọ̀kadà ti wà nílẹ̀. Ká má fi ti ẹni tó ní owó dá ti ẹni tí kò ní lẹ́jọ́.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, Màmá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì VIO tó wà nítòsí yín, ẹ béèrè ohun tí òfin ìpínlẹ̀ sọ nípa kí a yí ọ̀kadà padà báyìí, àti bóyá ìwé rẹ̀ máa yípadà. Ẹ mú ọmọ yín tó mọ̀wé dání kó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ ra ṣọ́ọ̀kì. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kadà yẹn láti ẹ̀gbẹ́ fún mi lọ́la, pẹ̀lú tépù lára rẹ̀ bí mo ṣe wí, kí nọ́ńbà tépù hàn dáadáa. Èmi á bá yín wo èyí tó gùn tó nínú àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, má à fi í rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Kontagora lọ́jọ́rú. Ẹ ò ní láti san án títí dìgbà tí ẹ bá rí i pé ó bá a mu. Ó dàárọ̀ o, gbogbo ilé.